Àwọn Àmì Tí Kò Sí Lórí Kíbọ́ọ̀dù

Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí lọ́dún tó yẹ kí n parí yunifásítì ní Adankolo, ní Lokoja. Ìyanṣẹ́lódì ti jẹ nínú ọdún mi. Bí mi ò bá jáde lọ́dún náà, màá ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, wọn ò sì ní gbà mí síṣẹ́ agùnbánirọ̀ mọ́. Bàbá mi ní Kàbà ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ òun ń lọ.

Iṣẹ́ ìwádìí mi dá lórí bí odò ṣe ń kún ní Lokoja. Èdè kọ̀ǹpútà kan ni mo fi kọ ọ́, èdè tó ń ṣírò odidi àtẹ nọ́ńbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àmì ni wọ́n fi ń kọ ọ́: òbírí tí ìlà là kọjá, onígun mẹ́ta tó dorí kodò, ọfà. Ohun tí ẹlòmíràn máa kọ kún ojú ìwé, ìlà kan péré ni tèmi. Áà, mo gbádùn ara mi! Mò ń yangàn bí ẹni pé èmi ni mo dá àwọn àmì náà sílẹ̀.

Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi, màdámù kan láti Ìyàgbà, kìlọ̀ fún mi.

“Èdè mìíràn wà tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ohun tó wà lórí kíbọ́ọ̀dù gbogbo èèyàn, bí àmì ìdánudúró, nìkan ló ń lò. Fi ìyẹn kọ ọ́, ọmọ yìí. Orí ìwé ni wọ́n ti máa kà á o.”

Mo ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, mà.” Nínú mi lọ́hùn-ún, ta ló fẹ́ máa kọ àmì ìdánudúró wúruwùru kiri? Agídí burúkú!

Mo gbé fíláàṣì mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Gadumo. Kọ̀ǹpútà wọn kò mọ àwọn àmì mi. Àpótí kéékèèké tó ṣófo ló gbé wá dípò wọn. Arábìnrin tó ń tẹ̀wé níbẹ̀ rò pé fáírọ́ọ̀sì ni, torí kò sí fíláàṣì akẹ́kọ̀ọ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí tí fáírọ́ọ̀sì kò sí nínú rẹ̀. Ó bá pa gbogbo wọn rẹ́, kò ku ẹyọ kan. Inú rere ló fi ṣe é. Nígbà tí mo lọ gba ẹ̀dà mẹ́ta tí wọ́n ti dì, ó ní, “Bùọ̀dá, mo ti bá yín nu fáírọ́ọ̀sì yẹn kúrò o.” Mo dúpẹ́! Orúkọ mi ń dán lára èèpo ìwé, mi ò sì ṣí i wò.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo lọ dáhùn ìbéèrè lórí iṣẹ́ mi, olùdánniwò tó wá láti yunifásítì mìíràn ṣí ẹ̀yìn ìwé, níbi tó yẹ kí ìlà kọ̀ǹpútà mi wà. Nọ́ńbà gátagàta ló bá níbẹ̀, àti òfìfo.

“Iṣẹ́ dà?”

Mo sáré ṣí láàpútọ́ọ̀pù mi. Kò tilẹ̀ wò ó. Ó ní ohun tó wà lórí ìwé làwọn ń fún ní máàkì. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀, pàbó ló já sí. Wọ́n ní ó di ọdún tó ń bọ̀.

Mo padà fi èdè tí màdámù sọ kọ ọ́. Ìdáhùn kan náà gan-an ló mú wá. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló gbà mí. Ọjọ́ mẹ́ta, ẹ gbà mí o!

Mo ti pé ọgbọ̀n báyìí, mo ti lé. Lánàá, bàbá mi tún pè, ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kí ní Kàbà: “Okun o, agùnbánirọ̀ mi! Ìgbà wo lo ń wọ káńpù?”

Mo ní, “Kò ní pẹ́ mọ́, sà.”