Àmì Aago Mẹ́fà

Ogún ọdún ni nọ́ọ̀sì kan ti fi tọ́jú àwọn aláìsàn tí wọn ò lè dá yíra padà lórí ibùsùn, kó tó forí lé yunifásítì láti gboyè ọ̀mọ̀wé. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ni pé kó wá ohun tí yóò dín egbò ẹ̀yìn tí ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ ń fà kù ní wọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ó bá fi ìwé kọ́ sí ìdí ibùsùn kọ̀ọ̀kan: wákàtí méjì-méjì, kí wọ́n yí aláìsàn padà, kí wọ́n sì fàmì sí i.

Nígbà tó doṣù kejì, àmì pé pérépéré, àmọ́ ńṣe ni egbò ń pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ náà rú u lójú. Lọ́jọ́ kan tí kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ó yọ sí wọ́ọ̀dù láago mẹ́wàá àárọ̀. Wọ́n ti fàmì sí aago méjìlá ọ̀sán, méjì, mẹ́rin, títí dé mẹ́fà ìrọ̀lẹ́! Ọwọ́ ìkọ̀wé Ìyá Ìbejì ni, nọ́ọ̀sì ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa ń gba iṣẹ́ ṣe fún un bó bá lọ sí kíláàsì.

"Ìyá Ìbejì, aago mẹ́wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, ẹ ti yí baba yìí padà fún ti aago mẹ́fà?"

"Àbí o ò mọ wọ́ọ̀dù yìí ni? Nọ́ọ̀sì méjì, ọgbọ̀n ibùsùn. Ta ni kí n yí, ta ni kí n fi sílẹ̀? Kí iṣẹ́ rẹ lè yọrí ni mo ṣe fàmì sí i."



Nọ́ọ̀sì náà kọ òtítọ́ náà síwèé láìdárúkọ ẹnikẹ́ni: ọwọ́ ò tó, àmì sì ń purọ́. Olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì yìn ín gan-an. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ò lè kọjá àfi bí ọ̀gá ilé ìwòsàn bá fọwọ́ sí i. Ọ̀gá kà á tán, ó tì í padà sórí tábìlì.

"Dárúkọ ẹni tó ṣe é, tàbí kó o yọ ojú ìwé yìí."

Olùkọ́ ní, "Bó o bá yọ ọ́, kí ló kù níbẹ̀?"

Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Oṣù mẹ́rin ló fi ń gbé ìwé náà kiri nínú báàgì. Ọkọ rẹ̀ fi ṣàwàdà pé, "Ṣé èmi lo fẹ́ ni àbí ìwé yẹn?" Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú.

Níkẹyìn, ó ní kí yunifásítì fún òun ní iṣẹ́ àṣekágbá mìíràn. Odindi ọdún kan bómi lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gboyè. Òun tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, lórí ọwọ́ fífọ̀, ní wọ́ọ̀dù kan náà, lábẹ́ ọ̀gá kan náà.

"Ṣé ìwé ò tíì parí ni?" Ìyá Ìbejì bi í.

"Ó kù díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ó dáhùn, ó sì di etí aṣọ ibùsùn mú, kí wọ́n lè jọ yí ìyá àgbà tó wà láàárín wọn.