Ilé Tí Kóòtù Tì Mọ́ Bàbá Wa

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tí ojú mi rí lórí ilé bàbá mi ní Inísà. Ayé ìjọba ológun ni, mo ń ṣe tíṣà ní Òkukù nígbà náà.

Bàbá kú láìṣe wíìlì. Ta ló tiẹ̀ ń ṣe wíìlì nígbà yẹn? Inú pálọ̀ ilé náà la sin wọ́n sí.

Ìyàwó méjì ni wọ́n ní. Èmi nìkan ni màmá mi bí. Ìyàwó àgbà bí mẹ́rin, Bọ̀ọ̀dá Dèjì sì ni àkọ́bí. Àwọn àgbà ẹbí ní ká pín ilé sí méjì, ìdajì fún ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan. Bọ̀ọ̀dá fárígá! Wọ́n ní ṣé èmi nìkan ni n ó wá gba iye tí àwọn mẹ́rin máa pín? Èmi náà ò gbà fún wọn. Bá a ṣe dé kóòtù ní Ìkìrun nìyẹn.

Adájọ́ ní kí wọ́n ti ilé náà pa, kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀ títí ẹjọ́ yóò fi parí. Lónìí, lọ́yà ò wá. Lọ́la, wọ́n tún sún ẹjọ́ síwájú. Ọdún ń gorí ọdún!

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo lọ sí Inísà, ìyá tó ń gbé ilé kejì sí ti Bàbá fà mí lọ́wọ́. "Tíṣà, bàbá ẹ ń wúkọ́ nínú ilé yẹn o."

Mo ní ewúrẹ́ ni.

Wọ́n wò mí lójú. "Ewúrẹ́ wo ló ń wúkọ́ bíi bàbá ẹ?"

Láti ọjọ́ yẹn lèmi náà ti ń gbọ́ ọ. Ní Òkukù o, nínú kíláàsì, tí àwọn ọmọ bá ń kọ̀wé tí gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́.

Nígbẹ̀yìn, èmi ni mo jàre. Akọ̀wé kóòtù bá wa ṣílẹ̀kùn, èmi àti Bọ̀ọ̀dá sì wọlé. Páànù ti ṣí lọ, ògiri pálọ̀ ti wó bo ilẹ̀, koríko ti hù dé ìbàdí.

Bọ̀ọ̀dá dúró. Irun wọn ti funfun lẹ́nu ẹjọ́ yẹn. Wọ́n bi mí jẹ́ẹ́ pé, "Àbẹ̀kẹ́, ibo la sin Bàbá sí gan-an?"

Mo nawọ́ sápá ọ̀tún. Mo tún nawọ́ sósì. Mi ò mọ̀! Àwọn náà ò mọ̀.

Bọ̀ọ̀dá tí wọn kì í dáhùn tí mo bá kí wọn ní kóòtù, àwọn ló di apá mi mú, kí n má baà tẹ bàbá wa mọ́lẹ̀. A dúró bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gbẹ́sẹ̀.

Títí dòní, a ò kọ́ ilé yẹn. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí ẹ ṣe fẹ́ kí wọ́n pín ogún yín nígbà tí ẹnu yín ṣì ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kọ́kọ́ jókòó síbi kan náà kẹ́ ẹ tó wá lọ́yà lọ.

Ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí tiyín rí? Báwo lẹ ṣe parí ẹ̀? Ẹ bá mi sọ ọ́. Bọ̀ọ̀dá náà ti kú, kò sì sí ẹlòmíì tí mo lè bá sọ nípa ọjọ́ yẹn mọ́.