Ìjẹ́rìí Vernice lórí Ìwé Tí Kò Kà Tán

Bí ẹ bá wọ Tilden Fork, ní apá Mississippi níbi tí oko òwú ti tẹ́ lọ dé etí odò, tẹ́ ẹ ní ẹ ń wá Vernice Gaddis, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi yín ni pé ṣé kéèkì lẹ fẹ́ gbà. Kò sí òkú tá a sin, kò sí ọmọ tá a ṣe ìrìbọmi fún, tí kéèkì àgbọn Vernice kò sí lórí tábìlì. Opó ni, kò sì bímọ. Òun ni olórí àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn oníbọ̀wọ́ funfun, tó ń ṣílẹ̀kùn fún onílé àti àlejò, tó sì ń wojú ẹni tó bá pẹ́ dé bí ẹni pé onítọ̀hún jalè. A bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀, a sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tó ní, Ozella, ti kú sí Detroit. Ẹni tó kù lórí ilẹ̀ ayé tí ẹ̀jẹ̀ pa òun àti Vernice pọ̀ ni Jerolyn, ọmọ Ozella kan ṣoṣo tó ṣì wà láàyè. Jerolyn yìí ló kọ ìwé.

Ìwé ìtàn ni, ó nípọn bíi Bíbélì. Ó sọ nípa ìdílé aláwọ̀ dúdú kan tó ń dáko òwú lórí ilẹ̀ òyìnbó, tí wọ́n ń pín ìkórè sí méjì, tí ìdajì tiwọn kì í sì í tó jẹ. Bàbá wọn lọ sí kóòtù pé òun fẹ́ forúkọ sílẹ̀ kóun lè dìbò. Kó tó padà délé, òyìnbó onílẹ̀ náà ti kó ẹrù rẹ̀ sójú títì nítorí ìyẹn. Orúkọ tó wà nínú ìwé náà kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni, àmọ́ kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú wa pé Ozella àti Amos ọkọ rẹ̀ ni, àti pé òyìnbó náà ni Strickland, tó ni ilẹ̀, tó tún ni ilé ẹ̀rọ òwú.

Jerolyn fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àǹtí rẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Vernice jókòó tì í. Ó bá Ozella níbẹ̀, bó ṣe máa ń kọrin tó bá ń fọṣọ, bó ṣe máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún. Ṣùgbọ́n nígbà tó débi tí ojú ọ̀run ti ń ṣú, tí wọ́n ti ń kó ẹrù wọn síta, ó pa ìwé náà dé. Ó gbé e sínú páálí fìlà ọjọ́ Ìsinmi rẹ̀, ó fi fìlà bò ó mọ́lẹ̀.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ òjò yẹn, ọ̀dọ̀ Vernice ni Ozella kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ gbà lọ. Cleophus, ọkọ Vernice, ń ṣiṣẹ́ nílé ẹ̀rọ òwú Strickland, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un níbi iṣẹ́ pé ẹni tó bá gba Amos sílé, òun náà máa bá Amos lọ. Ozella kànkùn. Vernice wà nínú ilé. Kò ṣí i. Ìdílé náà rìn nínú òjò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sùn lórí bẹ́ǹṣì, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi wọkọ̀ lọ sí Detroit. Ozella kò padà wá mọ́. Nígbà tó kú, Vernice ní ara òun kò yá, kò lọ síbi ìsìnkú. Ara rẹ̀ yá, ẹ̀yin ará. Ojú ló ń tì í.

Ìwé náà dé ìlú, ìlú sì gbà á bí ẹni gba ọmọ tuntun. Díákónì Purvis, tí a kò rí kó ka nǹkan kan rí ju bébà tí wọ́n fi wé ẹja lọ, ní òun ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ ló ṣe kọ ọ́. Òótọ́ pọ́nńbélé! Kò bu iyọ̀ sí i." Bẹ́ẹ̀ lo ṣe máa gbọ́ ọ níbi gbogbo, pé òótọ́ ni, òótọ́ ni. Àwọn tó ti ń fi ojú kékeré wo ara wọn látìgbà èwe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orí sókè nítorí pé ìyà tó jẹ wọ́n ti di ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé.

Ní ṣọ́ọ̀bù Maudell tó ń ṣe irun, Vernice jókòó, kóòmù gbígbóná ń lọ lórí rẹ̀.

"Vernice, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ fẹ́ pa mí! Mo ń kà á lọ́jọ́sí, irun oníbàárà ń jóná lọ́wọ́ mi, mi ò mọ̀."

"Ìwé náà dáa," ni Vernice wí.

"Dáa kẹ̀? Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn àǹtí wọn nínú òjò yẹn, ẹkún ni mo sun, mo fi apá aṣọ nu imú. Àti àǹtí yẹn fúnra ẹ̀! Háà! Bó ṣe fẹ́ràn àwọn ọmọ yẹn! Mo sọ fún Leotis ọkọ mi, mo ní irú àǹtí tó yẹ kéèyàn ní nìyẹn." Ó tẹ orí Vernice síwájú. "Àbí o ò tíì débẹ̀ ni?"

"Mo ti kà á tán tipẹ́."

Irọ́ ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ Maudell bá a wọlé. Bí gbogbo ayé bá fẹ́ràn àǹtí inú ìwé, a jẹ́ pé Jerolyn ti ṣílẹ̀kùn náà fún òun. Ọmọ yẹn ti bo àṣírí òun. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, ó sì dùn, ṣùgbọ́n ìtìjú wà lábẹ́ ìdùnnú náà, torí kò sóhun tó burú tó kí ọmọ ẹni tó o ṣẹ̀ máa purọ́ nítorí ẹ. Kò lè gbé ìwé náà jáde láti fi ojú ara rẹ̀ rí irọ́ náà. Fìlà ṣì bo ìwé náà mọ́lẹ̀ nínú páálí.

Ọjọ́ Ìpadàbọ̀ dé nínú oṣù kẹjọ, ọjọ́ Ìsinmi tí àwọn ọmọ wa tó wà ní Chicago àti Detroit máa ń wálé wá jọ́sìn pẹ̀lú wa. Ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ẹnu ọ̀nà, gbogbo èèyàn ń fi abẹ̀bẹ̀ bébà fẹ́ra. Jerolyn wà ní bẹ́ǹṣì iwájú, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn káàkiri bí ìwé orin. Nígbà tí àkókò ìjẹ́rìí tó, Pásítọ̀ nawọ́ sẹ́yìn.

"Sísítà Gaddis, ẹ̀yin lẹ lọmọ. Ẹ bọ́ síwájú, ẹ bá wa sọ̀rọ̀ nípa ìwé yìí."

Gbólóhùn méjì péré ni Vernice fẹ́ sọ. Ó fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kó jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹni tó bá dìde nínú wa kì í sọ̀rọ̀ òun nìkan, àwọn tó jókòó ń bá a sọ ọ́ ni. Bí wọ́n bá ti ń dá ẹ lóhùn, o ò ní mọ̀gbà tí wàá kọjá ibi tó o ti fẹ́ dúró.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ni Vernice wí.

"Dúpẹ́, Sísítà!"

"Mo ka ìwé ọmọ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

"Mo rí Ozella níbẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀!"

"Jésù o! Máa bá a lọ!"

Dùùrù ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Ara Vernice ti gbóná, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ìbọ̀wọ́ funfun rẹ̀ wà lókè. "Wọ́n lé wọn síta nínú òjò!"

"Sọ ọ́!"

"Òjò ń rọ̀, ọmọ ń gbọ̀n! Wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn!"

"Ẹnu ilẹ̀kùn!"

"Àǹtí wọn sì ṣílẹ̀kùn! Ó ní, 'Ẹ wọlé, gbogbo yín, iná wà níbí!'"

Ṣọ́ọ̀ṣì dákẹ́ lójijì. Abẹ̀bẹ̀ dúró. Dùùrù pàápàá dá dúró. Màmá Tutwiler nìkan ló kígbe pé "Àmín!", etí ìyẹn sì ti di láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Vernice wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó rí i lójú gbogbo wa pé ilẹ̀kùn kankan kò ṣí nínú ìwé náà. Jerolyn tẹ orí ba. Pásítọ̀ wúkọ́, ó dá orin. Bí Vernice ṣe rìn padà sẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀ kò lanu kó gbé e mì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó ń tọrọ nìyẹn.

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n tẹ́ tábìlì sábẹ́ igi. Adìẹ díndín, ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sè, búrẹ́dì àgbàdo. Vernice dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèkì rẹ̀, ó ń gé e, kò gbójú sókè.

Maudell na àwo rẹ̀. "Vernice, ìwé wo lo kà? Àbí wọ́n tẹ tìẹ lọ́tọ̀ ní Detroit ni?" Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀rẹ́ ni, kò sí ìkà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n etí Vernice gbóná.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Jerolyn wá. Kò mú àwo lọ́wọ́.

"Àǹtí, ẹ ò ka ìwé mi."

"Mo kà á débi òjò."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ dúró níbẹ̀?"

Vernice tún gé kéèkì. Jerolyn sún mọ́ ọn. "Àǹtí, ta ló sọ fún yín pé wọ́n ṣílẹ̀kùn? Ẹ ò kúkú sí nílé lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo kọ nìyẹn. Mo kọ ọ́ pé ká ní àǹtí wà nílé ni, ìyà kankan ò bá má jẹ wá. Ibi tí gbogbo èèyàn ń sunkún sí nìyẹn."

"Ta ló ní mi ò sí nílé?"

"Màmá ni. Lẹ́nu ọ̀nà yín níbẹ̀. Wọ́n kànkùn, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n wá yíjú sí wa, wọ́n ní, 'Àǹtí yín ò sí nílé. Ká máa lọ.'"

Ọ̀bẹ kéèkì bọ́ lọ́wọ́ Vernice. Ó lè ní bẹ́ẹ̀ ni, òun rìnrìn àjò ni. Kò sẹ́ni tó lè já a nírọ́ mọ́ láyé. Ó ya ẹnu láti sọ ọ́, ó sì rí i pé òun kò lè purọ́ lé irọ́ Ozella lórí.

"Mo wà nílé," ló wí. "Mo dúró lẹ́yìn kọ́tìnì. Ìyá ẹ rí mi. Ojú wa ṣe mẹ́rin, Jerolyn. Mo rí i tó yíjú sí yín, mo rí ẹnu ẹ̀ tó ń sọ nǹkan, mi ò gbọ́ ohun tó sọ. Láti ọjọ́ náà títí dòní, mo rò pé ó ń fi mí gégùn-ún ni."

Jerolyn wo ẹ̀yìn. Lábẹ́ igi kejì, àwọn èèyàn ti tò pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, wọ́n ń dúró kó wá bá àwọn kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Díákónì Purvis ló wà níwájú, ó ń juwọ́ sí i.

"Wọ́n ní òótọ́ ni gbogbo ẹ̀," Jerolyn wí. "Ẹ ò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn ín ni? Wọ́n ní ohun tí àwọn fẹ́ràn jù nínú ẹ̀ nìyẹn."

Ó kọjá lọ bá wọn. Vernice bẹ̀rẹ̀, ó ń wá ọ̀bẹ rẹ̀ nínú koríko, ó sì bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, torí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú rẹ̀.