Ẹ̀pà Tí Iná Kò Pa

Wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri àdúgbò Gàmbàrí pé mo fi ìgúnpá gbá eyín méjì jáde lẹ́nu ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá ní mo ti bẹ̀bẹ̀ ló ń parọ́.

Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹ̀kọ́ nípa purotéènì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì títí mo fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n nínú agboolé ọkọ mi, "Ìyàwó" ni orúkọ mi lẹ́nu àgbà, òun náà ni lẹ́nu ọmọ tí mo wẹ̀ fún. Gbogbo ẹni tí wọ́n bí sínú ilé náà, àtọkùnrin àtobìnrin, ọkọ mi ni. Ìyàwó kì í sì í bá ọkọ jiyàn. Ẹni tó fẹ́ mi gan-an ti kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló kù tó ń pàṣẹ fún mi.

Àkọ́bí mi, ọmọbìnrin, kú nínú ilé yẹn nígbà tó pé ọmọ ọdún méjì. Mo ń kọ́ni lọ́wọ́, mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Nígbà tí mo fi dé, ojú rẹ̀ ti wú dí, ètè rẹ̀ ti dúdú, wọ́n sì ti ń wá aṣọ funfun tí wọ́n máa fi sin ín. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kádàrá ni, pé òun kò fún un ní nǹkan kan ju kúnú, ẹ̀kọ mímu tí wọ́n fi ẹ̀pà sè, lọ. Ó wá fi kún un lójú gbogbo èèyàn pé, "Ìwé ló gbé lọ́wọ́, kò gbé ọmọ." Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n bá mi dárò.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin báyìí. Ọ̀dọ̀ mi ní àdúgbò Ṣàngó ló ń gbé nítorí iṣẹ́ ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fẹnu kan kúlíkúlì, gbogbo ara rẹ̀ sú, ó ń bì. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní ẹ̀pà ni ara rẹ̀ kọ̀, ó sì fún mi ní abẹ́rẹ́ kan tí mo máa gún un bí ẹ̀pà bá tún kàn án, tí kò gbọdọ̀ kúrò nínú báàgì mi.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Mo fara balẹ̀ ṣàlàyé.

"Àlàájà, ara ọmọ yìí ti to ìwọ̀ kéékèèké sára àwọn sẹ́ẹ̀lì kan, bíi pàkúté. Ẹ̀pà ni ìwọ̀ náà ń dúró dè. Tí purotéènì ẹ̀pà kan bá kọ́ ìwọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, sẹ́ẹ̀lì yẹn á tú oró inú rẹ̀ síta. Ọ̀nà ọ̀fun á wú dí. Ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló máa pa á."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ara ẹni á wá máa pa ẹni? Wàláhì, Ìyàwó, ìwé yìí ti pa ọ́ bí ọtí."

"Ẹ ṣáà má fún un ní ẹ̀pà."

"A ti gbọ́, tíṣà."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ kan, èmi àti ọmọ náà lọ kí wọn ní agboolé. Mo wà ní pálọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ikọ́ ọmọ náà, ikọ́ gbígbẹ, bí ìgbà tí ajá bá ń gbó. Mo sáré jáde. Kọ́ọ̀pù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dúró tì í. Ètè rẹ̀ ti ń wú.

"Kí lẹ fún un?"

"Kúnú ni, má fojú burúkú wò mí. Mo yan ẹ̀pà náà títí ó fi fẹ́ẹ̀ jóná, mo bó èèpo rẹ̀, mo lọ̀ ọ́ kúnná, mo tún sè é. Ohun yòówù kó wà nínú rẹ̀, iná ti pa á."

Ó rò pé òun ti gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Iná ló fi ń pa oró gbogbo ohun tí kò dára láti ìgbà èwe rẹ̀. Ṣùgbọ́n purotéènì ẹ̀pà yẹn dà bí okùn tí a ká jọ, tí a wá rán pọ̀ lójú mélòó kan, imí-ọjọ́ inú rẹ̀ ló sì so ojú rírán náà pọ̀. Iná tó ń mú ẹyin dì kò rí i tú. Kàkà bẹ́ẹ̀, yíyan a máa mú kí ìwọ̀ inú ara tún dì í mú gírígírí. Ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ pọ́n ọ̀bẹ náà.

Mo tẹ́ ọmọ náà sórí ẹní, mo fi orúnkún tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo yọ abẹ́rẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fò mọ́ ọwọ́ mi.

"O ò ní gún ọmọ wa pa! Ẹ gbà mí o, orí Ìyàwó ti dàrú!"

Mo fa ọwọ́, kò fi sílẹ̀. Ó ki eyín bọ ọwọ́ mi, ó gé e jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi ṣàn. Ìgbà yẹn ni mo gbé ìgúnpá sí i lẹ́nu pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù lára mi. Mo gbọ́ bí eyín ṣe dá. Kò ì tíì kan ilẹ̀ tí mo fi gún abẹ́rẹ́ mọ́ ọmọ náà nítan, láti orí aṣọ, tí mo dì í mú síbẹ̀. Ó pẹ́ kí èémí tó wọlé. Nígbà tó wọlé, ó dún bí aṣọ tó ń ya.

Ọmọ náà lo ọjọ́ méjì ní ọsibítù. Ó yè.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, agboolé pe ìpàdé pé kí n wá kúnlẹ̀ bẹ ọkọ mi tí mo yọ léyín. Mo lọ, n kò kúnlẹ̀. Mo ṣí ojú ọgbẹ́ ọwọ́ mi fún wọn, mo sì sọ ohun tí ẹ̀pà ṣe fún ọmọ náà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló gbé orí sókè, ọ̀rọ̀ ń gba ibi àlàfo eyín jáde.

"Ìyàwó. Ti àkọ́bí rẹ ńkọ́? Ṣé èmi náà ni?"

Ẹnikẹ́ni kò yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi wò nígbà náà. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ mi ló bi mí ni, ǹ bá ní a kò lè mọ̀ dájú.

"Ẹ̀yin ni," mo ní. "Ẹ̀yin lẹ pa á."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì gbá ara rẹ̀ létí, títí wọ́n fi dì í mú. Mo wo inú báàgì mi bóyá abẹ́rẹ́ tuntun wà níbẹ̀, mo sì wọ mọ́tò padà sí Ṣàngó. N kò tíì yí ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un padà.