Àdúgbò Tó Láyọ̀ Jù Lọ

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Oníṣirò, ti fi ọdún méjìlélógún ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Lọ́dọọdún ni ìjọba ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n fi máàkì díwọ̀n ayọ̀ wọn. Iṣẹ́ wọn ni láti kó ìdáhùn náà sínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì ṣàlàyé ibi tí ara ti ń ni ènìyàn jù.

Lọ́dún yìí, ọ̀gá wọn pàṣẹ pé àdúgbò tí ayọ̀ rẹ̀ bá kéré jù lọ ni ìjọba yóò tún ẹ̀rọ omi rẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n gbọ̀ngbọ̀n. Ọdún méjì ni ẹ̀rọ omi tiwa ti dákẹ́, àjà kẹrin ni a sì ń gbé. Orúnkún tó ń dùn wọ́n ni wọ́n fi ń gbé garawa gun àtẹ̀gùn.

Nígbà tí wọ́n ṣírò ìdáhùn àdúgbò wa, ó ku díẹ̀ kí wọ́n ṣubú lórí àga. Máàkì mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá! Àwa la láyọ̀ jù ní gbogbo ìlú.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn télọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀. “Ìwọ tí ò ń pariwo omi lánàá, ìwọ náà lo kọ mẹ́sàn-án?”

“Ẹ̀yin náà, Ìyá! Ṣé kí n kọ ọ̀kan kí ọ̀tá yọ̀ mí ni? Wọ́n ní báwo ni, mo ní a dúpẹ́.”

“Kí ló dé tí o ò kúkú kọ mẹ́wàá?”

“Kí wọ́n má baà ní mò ń fọ́nnu ni.”

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kì í yí òǹkà padà. Wọ́n gba àṣẹ, wọ́n sì fi ìbéèrè kan ṣoṣo kún fọ́ọ̀mù gbogbo àdúgbò: “Máàkì mélòó nínú mẹ́wàá ni ayọ̀ aládùúgbò rẹ?”

Ni ẹnu bá là. Télọ̀ kọ ọ́ kún ẹ̀yìn ìwé: “Ìyàwó àjà kejì ti gbẹ bí igi. Omijé ló kù tó fi ń fọṣọ.” Ìyàwó àjà kejì ní, “Èmi ò ní ìṣòro o. Télọ̀ ni kẹ́ ẹ ṣàánú. Kò wẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta, imú wa ló ń jìyà ẹ̀.”

Ayọ̀ aládùúgbò ní àdúgbò wa já sí méjì péré, kò sì sí èyí tó kéré tó o. Ọ̀gá bọ́ awò ojú.

“Màdámù, ta ni ìyà ń jẹ níbẹ̀ gan-an?”

“Kò sí ẹnì kankan, sà. Àwọn aládùúgbò wọn nìkan ni.”

Ọ̀gá buwọ́ lù ú pé kí wọ́n tún ẹ̀rọ omi wa ṣe.

Lọ́jọ́ tí omi yọ, télọ̀ ló kọ́kọ́ dé ìdí ẹ̀rọ pẹ̀lú garawa mẹ́ta. Ó ní òun kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀, àánú àwọn tí ìyà ti ń jẹ ló ń ṣe òun. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò gbọ́ ọ. Wọ́n ti wọ balùwẹ̀ lọ.