Kànga Tí Kò Ní Ètè

Omi ti dé àyà mi, bàbá agbẹ́kànga ṣì ń lọ níwájú. Ọ̀pá gígùn kan ló mú lọ́wọ́, ó ń fi gún ilẹ̀ lábẹ́ omi, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Ibi tó bá le á dún kó. Ibi tí kò bá dún, bàbá á dúró, gbogbo wa á dúró. Àwọn èèyàn ìjọ tò sẹ́yìn mi pẹ̀lú àpò gàrí àti ìrẹsì lórí, àwọn obìnrin ti ká ìró wọn sókè, wọ́n ń kọrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kí ẹ̀rù má bàa bà wọ́n. Lọ́ọ̀ọ́kán, lókè ilé alájà kan, àwọn tí omi ká mọ́ ń lu ìkòkò òfìfo. Wọ́n ti rí wa. Ariwo ìkòkò yẹn ń mú ọkàn mi fò sókè bíi pé ọdún ló dé.

Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n ní kí èmi gbé. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé àpò kan lé mi lórí, wọ́n wò mí, wọ́n kọ̀. Wọ́n mọ̀ mí dáadáa ní Akron, àdúgbò wa.

Ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni bàbá yìí ń gbé. Mùsùlùmí ni. Òun ló gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú kànga ìsàlẹ̀ àdúgbò, títí dé etí ọ̀sà. Láàárọ̀, kí n tó lajú, màá ti gbọ́ ikọ́ rẹ̀, màá gbọ́ bó ṣe ń ká okùn, òórùn amọ̀ tútù á wá tọ̀ mí wọlé láti ara aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó sá sórí ọgbà. "Akọ̀wé" ló máa ń pè mí. Mo ti lo ọdún méjì nínú kíláàsì kan ṣoṣo nígbà yẹn, mo sì ń múra ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Bàbá mọ̀.

Lọ́dún tí ọ̀sà kún wọ inú ilé, kámíọ̀n ìjọ kan kó oúnjẹ wá, ó dúró níbi tí ọ̀nà ọ̀dà parí sí. Omi náà jìn jù fún kámíọ̀n. Ọkọ̀ ojú omi tó bá ru ẹrù, ọgbà àti kùkùté ni yóò máa há mọ́. Àfi kí wọ́n fi orí rù ú. Pásítọ̀ ti ń pín àpò nígbà tí bàbá dé, tó bi í pé ta ni yóò fi kànga hàn wọ́n. Pásítọ̀ ò tiẹ̀ rántí kànga. Omi ti bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀, pákó tí wọ́n fi ń dé wọn ti léfòó lọ. Lánàá ọjọ́ yẹn gan-an, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣe zẹ́m, tó ń fi alùpùpù gbé èrò, ń tì í bọ̀ nínú omi níṣojú wa. Alùpùpù wọ inú kànga lọ. Dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ló kù lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni náà.

Bàbá ní òun mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Ó ní kí wọ́n gé imọ̀ ọ̀pẹ wá, kí òun máa rì í mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga kọ̀ọ̀kan. Pásítọ̀ fọwọ́ nu ojú, ó ní àwọn èèyàn á rò pé ojúbọ òrìṣà ni ìjọ ń gbà kọjá.

"Pásítọ̀," bàbá ní, "lọ́jọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ tí ẹ máa ń gbé e kiri ìgboro, ta ló bi yín?"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ti ń wá àdá.

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá á ka ìṣísẹ̀ láti igun ògiri kan, á ki ọ̀pá bọmi, ọ̀pá á rì, á na ọwọ́ sẹ́yìn, màá fi imọ̀ ọ̀pẹ lé e lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ríran. Inú mi dùn débi pé mo ń ka àwọn kànga náà sókè fún gbogbo ayé gbọ́. Mo ka ìkẹfà lẹ́ẹ̀mejì.

A wá dé àárín ọgbà méjì kan. Kò sí ọ̀nà míì. Bàbá gún ọ̀tún, ó gún òsì. Kó. Kó. Ó padà sẹ́yìn, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó wá sọ fún pásítọ̀ pé ọ̀kan wà níbẹ̀, opó kan ni òun gbẹ́ ẹ fún, sìmẹ́ńtì tán kí òun tó mọ ètè yí ẹnu rẹ̀ ká, òun sì ní òun ń bọ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé lẹ́ẹ̀mejì. Opó náà ti kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Sèmè-Kpodji, wọ́n sì ti gé igi gúáfà tí òun fi ṣe àmì.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Gàrí wà lórí. Àwọn tó wà lókè ò dẹ́kun ìkòkò lílù. Pásítọ̀ ní bóyá iyanrìn ti dí i, ká máa lọ díẹ̀díẹ̀, ọkùnrin kan sì ti gbé ẹsẹ̀.

Mo mọ ibi tó wà. Wàhálà mi ni pé mẹ́tìrì wa, olùkọ́ mi nílé ìwé, ló wà lẹ́yìn mi gan-an pẹ̀lú àpò ìrẹsì lórí, ìyá mi sì wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú òróró. Kí omi tó dé, odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mẹ́tìrì fi gbọ́ pé ibà ń ṣe mí. Ìyá mi ní tirẹ̀ rò pé ilé ìwé ni mò ń lọ. Ẹnu kànga yẹn ni mo ń jókòó sí ní gbogbo àárọ̀, tí mò ń ju òkúta sínú rẹ̀ láti gbọ́ bí ikùn rẹ̀ ṣe ń dáhùn.

Mo rò ó. Ẹ má bínú, mo rò ó pẹ́ díẹ̀.

"Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá," mo ní, "láti igun ògiri yẹn."

"Ìṣísẹ̀ ta?" bàbá bi mí.

"Tèmi."

"Wá rìn ín."

Ó di ẹ̀yìn ẹ̀wù mi mú. Mo rìn. Nígbà tí mo dé ìkẹwàá, ó na ọ̀pá síwájú mi, ọ̀pá wọlé, ó ń lọ, ó ń lọ, títí ọwọ́ bàbá fi kan omi. Ó fà mí sẹ́yìn bí ìgbà tí wọ́n ń fa garawa.

"Ṣé ẹ rí i," mẹ́tìrì ní lẹ́yìn mi, "inú kànga ni ibà yẹn ń gbé."

Ẹ̀rín pa wọ́n débi pé àpò ń mì lórí wọn.

Ẹrẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ jù. A ri imọ̀ ọ̀pẹ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá wá fúnra rẹ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ihò náà, ó na apá kan dí i. Pásítọ̀ bẹ̀ ẹ́ kí ọ̀dọ́ kan gbà á.

"Èmi ni mo fi í sílẹ̀ láìní ètè," bàbá ní. "Ẹ máa kọjá."

Wọ́n kọjá, wọ́n padà, wọ́n tún kọjá. Nígbà tí àkókò ìrun ọ̀sán tó, títẹ orí ba ló fi kí ìrun náà, lórí ìdúró, nínú omi. Pásítọ̀ dá gbogbo èèyàn dúró títí ó fi ṣe tán. Lókè ilé alájà, ìkòkò dákẹ́, èéfín yọ, òórùn ìrẹsì gba orí omi wá bá wa. Mo kígbe bíi pé èmi ni mo sè é. Ìgbà tí àpò tó kẹ́yìn kọjá tán ni bàbá tó kúrò níbẹ̀. Ètè rẹ̀ ti funfun, awọ ọwọ́ rẹ̀ ti hunjọ. Kò sẹ́ni tó ṣubú.

Ìyá mi nà mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Mẹ́tìrì fi tirẹ̀ pa mọ́ di ọjọ́ tí ilé ìwé ṣí. Bí omi ṣe fà báyìí, bàbá mọ ètè sí kànga náà, èmi ni mo ru iyanrìn.

Ó ti kú báyìí. Èmi ń tún alùpùpù ṣe lójú ọ̀nà Adjarra, ìwọ̀nba ìwé tí mo kà ò kọjá kí n ka nọ́ńbà táyà. Tí èyí tí mo tún ṣe bá kú sójú ọ̀nà, èmi kì í pa fóònù. Mo máa ń lọ bá a níbi tó kú sí, nínú oòrùn, nínú òjò, màá dúró tì í títí á fi dìde. Àwọn oníbàárà ní olóòótọ́ ni mí. Ìyàwó mi ní tí mo bá mọ iṣẹ́ ni, mi ò ní máa dúró tó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n mò ń dúró.