Ògì Tí Mo Bù fún Màámi

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbá tán ni mo gbé Màámi sínú kẹ̀kẹ́, a forí lé gáréèjì Ọ̀fà. Ìlọrin là ń lọ, fún kímò ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Fún ẹ̀yin tí Ọlọ́run ò jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, kímò ni oògùn líle tí wọ́n ń fà sí èèyàn lára bí omi dírípù, kó lè pa jẹjẹrẹ. Ọmú òsì ni ti Màámi wà. Oògùn náà ń pa jẹjẹrẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń pa irun, èékánná àti adùn ẹnu mọ́ ọn. Màámi ní ẹnu òun dà bí ẹnu ẹni tó ń lá kọ́kọ́rọ́.

Ní gáréèjì, àyè méjì níwájú ni Màámi san, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, kí ẹnikẹ́ni má baà fún un mọ́ra. Dẹ́rẹ́bà wò ó lókè wò ó nílẹ̀.

"Alhaja, ẹ ò kúkú sanra tó báyìí."

"Ìbàdí ọ̀tún ló ni àyè kan, ti òsì ló ni ìkejì. Wa ọkọ̀ ẹ."

Ọ̀nà ò dáa. Bí a ṣe bọ́ sí kòtò àkọ́kọ́, Màámi lọgun: "Dẹ́rẹ́bà! Mo ní kó o gbé mi ni, mi ò ní kó o lọ egungun mi!" Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tá a dé Ojoku, àwọn tó wà lẹ́yìn pẹ̀lú mi ń wo àwọn tó ń to iṣu sẹ́bàá ọ̀nà. Èmi ń wo ẹsẹ̀ mi. Mo mọ ohun tí mo ti rà nínú ìlú yẹn.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ọjọ́ kejì kímò, wọ́n máa ń gún Màámi lábẹ́rẹ́ kan níkùn, kí ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àìsàn jà lè pọ̀ sí i. Inú egungun ni abẹ́rẹ́ yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá tó ọjọ́ kejì sí i, ìrora á dé: ìbàdí, ẹ̀yìn, itan. Màámi ní bí ẹni pé àwọn obìnrin mẹ́ta ń gúnyán nínú ìbàdí òun, tí wọn ò sì fún òun níbẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, mo sọ fún un pé àṣejù ti wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní.

Lẹ́yìn kímò ẹlẹ́ẹ̀kẹta, nígbà tó ń sunkún, mi ò lè wò ó mọ́. Wẹ́dà ni mí. JSS kejì ni mo bá ìwé dé. Irin tó bá tẹ̀, mo mọ bí mo ṣe ń nà án. Mo gun ọ̀kadà lọ sí ọjà Ojoku, mo ra àgbo eegun ìgò méjì. Ṣùgbọ́n Màámi ti ṣèlérí ní ọsibítù pé òun ò ní fẹnu kan àgbo, Alhaja kì í sì í yẹ àdéhùn. Ni mo bá ń dà á sínú ògì rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́.

"Múfú, ògì yìí kan o!" ló máa ń wí. "Àbí o fi ọtí kíkan lọ̀ ọ́ ni?" Á sì mu ún tán. Lọ́jọ́ karùn-ún, ìrora lọ. Mo ń fẹ̀ káàkiri ṣọ́ọ̀bù bí dókítà.

Ní ọsibítù Ìlọrin, ìkíni tiwọn yàtọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ará ilé làá kọ́kọ́ béèrè. Níbẹ̀, "Ẹlẹ́ẹ̀kelòó nì yín?" ni. Ẹni tó bá ti dé ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ni àgbà lórí ẹni tó wà ní ìkejì. Obìnrin kan ṣí gèlè nítorí ooru, orí rẹ̀ ń dán. Màámi ṣí tirẹ̀ náà: "Tìrẹ rí rogodo. Wo tèmi, págunpàgun bí iṣu tó hù lórí òkúta." Mo ra wàrà díndín, ó rọ̀ ju ti Ọ̀fà lọ, ṣùgbọ́n Màámi ní irin lòun ń jẹ.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Nígbà tó yá, dókítà, obìnrin kékeré kan tó ṣe jẹ́jẹ́, pè wá.

"Màmá, èsì ẹ̀dọ̀ yín ò tẹ́ wa lọ́rùn. Ṣé ẹ lo àgbo ni?"

"Àgbo kẹ̀? Èmi tí mo ti Mẹ́kà dé? Mi ò fojú kàn án!"

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó ní bí kì í bá ṣe àgbo, a jẹ́ pé kímò náà ló ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, àwọn á ní láti yọ ọ̀kan nínú oògùn náà kúrò, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ó ti mú bírò. Màámi kàn ń wò ó.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Ó mu àgbo. Èmi ni mo fún un."

Màámi yíjú sí mi. "Níbo?"

"Nínú ògì, Màámi."

"Nínú ògì." Ó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. "Ìyẹn ni mo ṣe ń yàgbẹ́ bí ẹyẹ!"

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ẹnu. Dókítà gbé bírò sílẹ̀. Ó ní kímò ò ní sí lónìí. Ká padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bí ẹ̀dọ̀ bá ti balẹ̀, àwọn á máa bá oògùn náà lọ bó ṣe wà. Nígbà tí mo sọ pé àgbo ọ̀hún lé ìrora lọ́jọ́ karùn-ún, nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ̀gbọ́n, ti gbogbo wọn ló ń lọ bẹ́ẹ̀. Fúnra rẹ̀ ló ń lọ." Ó wá kọ́ mi: bí ìrora bá bẹ̀rẹ̀, kí n kọ́kọ́ fi tẹmọ́mítà wo ara rẹ̀. Bó bá gbóná, kí n pe àwọn lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá gbóná, kí ó lo oògùn ìrora tí dókítà kọ, kí ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀, kí ó máa rìn díẹ̀díẹ̀.

Ìrìn ọwọ́ òfo la rìn padà. Láti Ìlọrin dé Àjàṣẹ́, Màámi ò bá mi sọ̀rọ̀. Dẹ́rẹ́bà ló ń bá sọ ọ́. "Ọmọ mi ni, ó ń ta àgbo nínú ilé mi." Nígbà tá a dé Ojoku, ó yíjú sẹ́yìn: "Ṣé kò sí nǹkan tó o fẹ́ rà?"

A délé kí oòrùn tó wọ̀. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó ní kí n po ògì, kí n pò ó níwájú òun. Mo gbé e fún un, kò gbà á. Ẹni tó bá gbé nǹkan mímu fúnni ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa, ṣùgbọ́n wọn kì í ní kí ọmọ ṣe é fún ìyá rẹ̀.

Mo mu ún. Ó ń wo ọ̀fun mi títí mo fi gbé e mì.

"Màámi, ẹ forí jì mí."

Ó gba ife náà, ó mu díẹ̀, ó gbé ẹnu kúrò. "Irin," ó ní. "Irin lásán. Ó dáa."

Ọ̀sẹ̀ méjì náà ti pé, wọ́n ti fún un ní ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ìrora sì dé bó ṣe máa ń dé. Mo jókòó tì í pẹ̀lú tẹmọ́mítà. Ohun tí ìrìn àjò yẹn kọ́ mi ò ju ìyẹn lọ: kí n jókòó. Láràárọ̀, èmi ni mo ń kọ́kọ́ tọ́ ògì wò, láìjẹ́ pé ó ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀.